Kọ́kọ́rọ́ Gertie

Àárọ̀ Sátidé ni Elwyn Noske ti inú ṣẹ́ẹ̀dì wọ ilé wá, ó dúró sí àárín ilé ìdáná, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Gíríìsì ti kun ọwọ́ náà dé ìgbúnwọ́. Ó dá a lójú pé ohun kan lòun wá mú. Ohun tó wá mú gan-an ni kò mọ̀. Ó wo kẹ́tùlù, ó wo àwo bọ́tà, ó gbójú sókè wo àwòrán Valda, ìyàwó rẹ̀ tó dolóògbé lọ́dún tó kọjá, bíi pé obìnrin náà lè bá a rántí. Valda ń rẹ́rìn-ín tirẹ̀ lọ lórí fíríìjì.

Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó bá ìdajì sípíríǹgì kan tó ti kán níbẹ̀, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Sípíríǹgì fáàfù ni, láti inú ẹ́ńjìnì Gertie. Bí èyí tó kán bá ti wà nínú àpò, a jẹ́ pé tuntun ti wà nínú ẹ́ńjìnì nìyẹn. Iṣẹ́ ti parí. Ó ku kí òun tan ọkọ̀, kó dún, kí ẹnu tó ń ránnu káàkiri pa mọ́.

Gertie ni ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó ti ń wà láti ìgbà tí Kerryn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ò tí ì lè rìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dún tẹ́kí-tẹ́kí nígbà tí Elwyn ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ń kó àlìkámà jọ sí, kó tó délé ló sì ti mọ̀ pé sípíríǹgì fáàfù kan ló kán. Etí bàbá yìí mọ́ gaara. Orí ló ń ṣe é bákan.

Ọ̀rọ̀ orí yẹn kì í sì í ṣe àṣírí mọ́. Nígbà òtútù, ó kó kọ́kọ́rọ́ Gertie sínú fírísà pọ̀ mọ́ búrẹ́dì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó jù ú sínú agolo ṣúgà. Clem Zadow, aládùúgbò rẹ̀ tó ń gbé lódìkejì ọ̀nà, ló bu ṣúgà sí tíì tó bu kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú rẹ̀, ó ní nínú gbogbo ìlú Pinnaroo, tíì Elwyn nìkan ló lè ṣílẹ̀kùn. Àwọn ọkùnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí Kerryn gbọ́, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tó wà ní Murray Bridge ló pè, wọ́n sì sọ fún un pé yàrá kan ṣí sílẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí odò.

"Odò?" ni Elwyn wí nígbà náà. "Èmi ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ Mallee? Kí ni mo fẹ́ fi odò ṣe? Ṣé mo sọ fún ẹ pé mo fẹ́ di ẹja ni?"

"Dádì, ẹ ò lè máa dá gbé ilé yìí kẹ́ ẹ máa kó kọ́kọ́rọ́ sínú fírísà."

"Búrẹ́dì ni mo fẹ́ tì mọ́lé."

Kerryn wò ó títí. Ọmọbìnrin náà kì í ṣe ìkà, ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún ni. Níkẹyìn ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Ẹ fọwọ́ ara yín tún Gertie ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ wà á gbé mi lọ sí itẹ́ òkú ká lọ kí Mọ́mì, kẹ́ ẹ sì wà á gbé mi padà. Bẹ́ ẹ bá ṣe é, mi ò ní dárúkọ Murray Bridge létí yín mọ́ títí ọdún yìí á fi parí."

"Ṣé o ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí."

Òní ni Sátidé ọ̀hún. Kerryn ń bọ̀ lọ́sàn-án. Elwyn fọ ọwọ́, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí ìṣó kọ́kọ́rọ́ wà. Ìṣó wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kò sí.

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Elwyn tú àpò ṣòkòtò. Sípíríǹgì tó kán ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àkísà àti ṣokoléètì kan tó ti yọ́. Ó tú àpò kóòtù. Ó wo abẹ́ ìrọ̀rí àga. Nígbà tó yẹ gbogbo ibi tí ọlọ́gbọ́n lè kó kọ́kọ́rọ́ sí tí kò rí i, ó wá ń yẹ ibi tí arìndìn lè kó o sí, torí ó ti mọ ara rẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ó tú fírísà. Ó da ṣúgà jáde sórí ìwé ìròyìn, ó fi ìka tàn án kiri bí adìẹ tó ń wá oúnjẹ. Ó ki ọwọ́ bọ inú bàtà òjò Valda, tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ láti ọjọ́ tó ti kú, inú bàtà náà tutù, ó sì dá ọwọ́ padà kíá.

Ìbẹ̀rù ti ń mú un báyìí. Kọ́kọ́rọ́ yìí kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ lásán mọ́. Ẹni tó bá rí i ló ni ilé yìí, ẹni tí kò bá rí i, odò ló ń bá lọ.

Ó padà sínú ṣẹ́ẹ̀dì. Afẹ́fẹ́ àríwá ti gbéra, eruku pupa ń yọ́ wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn páànù, òrùlé ń dún gbàgà-gbàgà. Gertie dúró láàrin, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí wọ́n ti yọ fara ti ògiri. Ẹnì kan ti fi aṣọ ibùsùn Valda olódòdó bo ẹ́ńjìnì rẹ̀, ó sì fi ẹ̀mú aṣọ sísá há a mọ́ etí ọkọ̀ yípo kí afẹ́fẹ́ má baà ká a. Elwyn mi orí. Ẹni tó bo ẹ́ńjìnì báyìí mọṣẹ́, kò fẹ́ kí eruku wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e pé òun fúnra òun ni.

Nínú ṣẹ́ẹ̀dì àwọn Noske, òfin kan wà tí bàbá Elwyn fi etí fífà kọ́ ọ: bí eruku bá ń fẹ́, ẹnikẹ́ni kì í ṣí ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti bò. Elwyn ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan, kò gbàgbé ìyẹn. Nítorí náà, gbogbo inú ṣẹ́ẹ̀dì ló tú, àfi abẹ́ aṣọ olódòdó yẹn. Ó tú agolo ìṣó, ó tú agolo bóòtù, ó gbọn àwọn bàtà àtijọ́ yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, àkísà Elwyn nìkan sì lè kún ilé ẹlòmíì. Ó dé ibi ìṣó gíga kan lára ògiri tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, ó dúró níwájú rẹ̀. Ohun kan máa ń wà lórí ìṣó yìí. Kí ni? Ó wo ìṣó, ìṣó wò ó. Kò rántí.

Lórí tábìlì iṣẹ́, ó rí sípíríǹgì fáàfù tuntun kan tó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Ìyẹn tún da orí rẹ̀ rú. Bí iṣẹ́ bá ti parí, kí ni èyí ń ṣe níbí? Ó ronú, ó ní bóyá Clem ló kó àfikún wá, torí Clem kì í ra ohun kan ṣoṣo láyé rẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíríǹgì náà. Pẹ́pẹ́yẹ ni gbogbo agbègbè yẹn ń pe irinṣẹ́ tí Elwyn fọwọ́ ara rẹ̀ rọ láti ara irin ìtúlẹ̀ tó ṣẹ́, nígbà tó ṣì jẹ́ géńdé. Irin gígùn ni, ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó là sí méjì bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, ìkọ́ kan wà lọ́rùn rẹ̀. Ọwọ́ lásán kò lè tẹ sípíríǹgì fáàfù mọ́lẹ̀, ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹ́pẹ́yẹ ló ń tẹ̀ ẹ́. Kò sí àgbẹ̀ tí kò tíì wá yá a rí, tí Elwyn á sì sọ fún un pé kó dá a padà kí pẹ́pẹ́yẹ náà tó yé ẹyin.

Ó gbé e báyìí kó lè fi mú ara rẹ̀ lọ́kàn le. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Èwo lọwọ́, èwo lẹnu? Kí ni ìkọ́ yìí ń kọ́? Ó gbé e lé ejìká, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ohun tí òun fọwọ́ ara òun ṣe, ó ń wo òun bí àlejò. Elwyn rọra tẹ́ ẹ padà sórí tábìlì, ó jókòó sórí agolo epo.

Ibẹ̀ ni Clem bá a. Clem wọlé pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, eruku ti sọ irun imú rẹ̀ di pupa.

"Noske! Ó ti wá jẹ́? Ṣé ọkọ̀ ti ń sáré, àbí ìwọ lo ń sáré?"

"Ó ti parí."

"Kí ló wá dé tó o jókòó síbí bí ẹni tí ewúrẹ́ jẹ ìwé ilé ẹ̀?"

"Mò ń sinmi."

Clem wo ṣẹ́ẹ̀dì yíká. Ó rí agolo ìṣó tó dojú dé, ó rí bàtà tó fọ́n káàkiri. Clem lè máa ṣẹ̀fẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àmọ́ kì í ṣe afọ́jú. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Elwyn, kọ́kọ́rọ́ ni, àbí?"

Elwyn tẹ̀ síwájú, ó ń ṣa ìṣó padà sínú agolo.

"Ṣé o ti wo inú ṣúgà?"

"Mo ti wo inú ṣúgà! Má dá mi lágara." Ó dìde. "Gbọ́, Clem. Kerryn ń bọ̀. Tó bá béèrè, màá sọ pé ìwọ ni mo yá ní kọ́kọ́rọ́."

"Kí n fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí kò rìn látọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣe kí ni? Kí n fi họ etí?"

"Sọ ohun tó bá wù ẹ́. Ṣáà gbà mí."

Clem gbé fìlà rẹ̀ dé orí, ó tún ṣí i. "Ojú ọmọ tí mo gbé pọ̀n sẹ́yìn lo fẹ́ kí n wò kí n máa purọ́. Kò burú. Àmọ́ yára, torí mo ti rí eruku ọkọ̀ ẹ̀ níwájú ilé àwọn Lehmann."

Kerryn dé. Ó gbé kéèkì kuchen wá, irú tí Valda kọ́ ọ láti máa ṣe, ó fẹnu ko bàbá rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó rí ṣúgà lórí ìwé ìròyìn, ó rọra dà á padà sínú agolo. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó ti tíì. Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ wọn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Clem yin kéèkì. Ó yin kéèkì lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó fẹ́ yìn ín lẹ́ẹ̀kẹta, Kerryn gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

"Dádì, ṣé ká máa lọ? Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ Clem," ni Elwyn wí.

Ní ìṣẹ́jú kan náà ni Clem ní, "Ó wà nínú ọkọ̀."

Clem wo Elwyn, Elwyn wo kéèkì.

"Mo ní kí Clem fi sínú ọkọ̀," ni Elwyn wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Clem wí. "Mo sì fi síbẹ̀. Mo tún... àbí mo yọ ọ́?"

"Clem, ẹ máa jẹ kéèkì yín," ni Kerryn wí. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá rọrùn fún Elwyn. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ kékeré kan jáde tí òwú ìrán-aṣọ aláwọ̀ ewé wà lọ́rùn rẹ̀. "Ti Mọ́mì rèé. Inú agolo abẹ́rẹ́ wọn ni mo ti rí i lẹ́yìn ìsìnkú. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó bóyá ó máa tan. Tó bá tan, ó tan. Nǹkan tó kù, a máa sọ ọ́ lójú ọ̀nà."

Elwyn mọ ohun tí nǹkan tó kù jẹ́. Ó tẹ̀ lé e lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì, ó ń rìn bí ọmọ tí wọ́n ń mú lọ sọ́dọ̀ olùkọ́. Síbẹ̀ ìrètí kékeré kan ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Ó di sípíríǹgì tó kán mú nínú àpò. Iṣẹ́ ti parí kẹ̀. Bí Gertie bá lè dún báyìí, ó ṣeé ṣe kí Kerryn gbójú fo ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́.

Kerryn wọ inú ọkọ̀, ó jókòó sídìí ọwọ́ ìwakọ̀, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọlé. Clem dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ kún fún kéèkì.

"Má tan án!"

Elwyn ló pariwo. Igbe náà jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ dá màlúù dúró.

Kerryn yọjú látojú fèrèsé. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Má tan án."

"Kí ló dé?"

Kí ló dé? Elwyn wá a kiri nínú orí rẹ̀ bó ṣe wá kọ́kọ́rọ́ kiri inú ilé, kò rí i. Ohun kan ṣáà wà. "Ṣáà má tan án," ló wí. "Mo bẹ̀ ẹ́, Kerryn. Gbé ọwọ́ ẹ kúrò."

"Dádì, ẹ ní iṣẹ́ ti parí."

"Mo mọ ohun tí mo sọ."

Kerryn bojú wò ó. Nǹkan kan wà nínú ohùn náà tí kò tíì gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́: ohùn bàbá rẹ̀ àtijọ́ ni, èyí tó máa ń mú kí gbogbo èèyàn inú ṣẹ́ẹ̀dì dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó bọ́ sílẹ̀, ó wá síwájú ọkọ̀, ó na ọwọ́ sí ẹ̀mú aṣọ.

"Eruku!" ni Elwyn tún ké.

"Mo mọ̀, Dádì. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi." Ó ní kí Clem wọlé, ó ti ilẹ̀kùn páànù, ó fi àpò dí abẹ́ rẹ̀, ó tan iná. Ìgbà yẹn ló tó yọ ẹ̀mú aṣọ, tó sì ká aṣọ olódòdó náà sẹ́yìn.

Ẹ́ńjìnì wà níhòòhò. Ìdérí orí rẹ̀ kò sí níbẹ̀, àwọn apá irin tó ń tẹ fáàfù kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Púlọ́ọ̀gì kan ti kúrò ní àyè rẹ̀, okùn aṣọ sísá ló yọ jáde láti inú ihò náà, ó rọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì. Kọ́kọ́rọ́ Gertie sì wà nídìí okùn náà, wọ́n so ó ní kókó méjì, ó ń jì díẹ̀díẹ̀.

Clem ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Yéè," ló wí, "kọ́kọ́rọ́ ń tẹ̀ lé okùn."

Kerryn fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti gbàgbé pátápátá. Nígbà tó wà ní kékeré, tó máa ń gun orí agolo epo kó lè bá bàbá rẹ̀ di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ti bi í ní ìdí tó fi ń kó okùn sínú ẹ́ńjìnì. Elwyn ní tí a bá yọ sípíríǹgì lọ́rùn fáàfù, kò sí ohun tó tún gbé fáàfù náà dúró mọ́, á já sínú ẹ́ńjìnì. Torí náà, a ó ti okùn wọlé láti ihò púlọ́ọ̀gì, a ó rọra fi sípánà yí ẹ́ńjìnì títí písítìnì á fi gbé okùn náà ró mọ́ ìdí fáàfù, kò ní lè já mọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá gbàgbé tó tan ọkọ̀ pẹ̀lú okùn nínú, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Clem ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, ó ba odindi ẹ́ńjìnì kan jẹ́. Láti ọjọ́ náà ni Elwyn ti ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí okùn, tó sì máa ń wí pé kọ́kọ́rọ́ ń tẹ̀ lé okùn. Ẹni tó bá fẹ́ tan ọkọ̀ á kọ́kọ́ fa okùn jáde ná.

"Ẹ ò sọ ọ́ nù," ni Kerryn wí. "Dádì, ibi tó yẹ kó wà lẹ fi sí."

Elwyn ń wo okùn, ó ń wo ìṣó gíga lára ògiri. Okùn ló máa ń wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. "Ṣé mo sọ fún ẹ pé mo sọ ọ́ nù ni?" ló wí. "Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀." Irọ́ ni. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé irọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò já a.

Fáàfù méjì ló wà lórí sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá pààrọ̀ sípíríǹgì ọ̀kan, ó yẹ kó pààrọ̀ èkejì, ọ̀kan péré ni Elwyn sì ti pààrọ̀. Èkejì ló wà nínú ọ̀rá lórí tábìlì. Kerryn ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó gbé Pẹ́pẹ́yẹ. "Ẹ júwe fún mi. Báwo ni mo ṣe máa kọ́ ọ?"

Elwyn gbìyànjú. Ó ní kó fi ìkọ́ sápá ọ̀hún. Rárá, kó dà á dé. Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń ronú sí i ni ọ̀rọ̀ ń sá fún un, títí ojú fi ń tì í. Clem dá sí i pé òun rò pé ẹnu ló ń kọ́kọ́ wọlé, wọ́n ní kó lọ jẹ kéèkì rẹ̀.

"Ẹ má júwe mọ́," ni Kerryn wí. "Ẹ wá fọwọ́ lé ọwọ́ mi."

Elwyn fọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ àgbà náà dúró fún ìgbà díẹ̀, ó wá yí irin náà lójijì, ìkọ́ kọ́ síbi tó yẹ kó kọ́, ẹnu Pẹ́pẹ́yẹ bá orí sípíríǹgì mu rẹ́gí. Àwọn méjèèjì jọ tẹ̀ ẹ́. Sípíríǹgì rẹlẹ̀, ó ń kérora. Àwọn lọ́ọ̀kì wínníwínní méjì tó há a mọ́ ọrùn fáàfù tú sílẹ̀, Elwyn fi ìka gbé wọn bí ẹni ṣa ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Kò wo ohun tó ń ṣe. Ojú rẹ̀ wà lára ògiri, ó tilẹ̀ ń fi imú kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì kan. Wọ́n gbé sípíríǹgì tuntun sáyè, wọ́n tún tẹ Pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n dá lọ́ọ̀kì padà. Kerryn fi sípánà dá ẹ́ńjìnì padà díẹ̀, ó rọra fa okùn náà jáde, ó dúdú, ó gùn, kọ́kọ́rọ́ sì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí wọ́n dá gbogbo nǹkan padà tí wọ́n tan Gertie, ó dún lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́kí-tẹ́kí ti lọ. Clem jó yípo agolo epo. Kerryn nu ojú rẹ̀, gíríìsì sì kun gbogbo rẹ̀. "Mo ti ṣèlérí," ló wí. "Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ mọ́. Ẹ wakọ̀, Dádì."

Elwyn wakọ̀. Okùn ṣì wà lára kọ́kọ́rọ́, kò sẹ́ni tó rántí tú u, ó ká jọ sórí itan rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀, àlìkámà tútù wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fi ìka lu ọwọ́ ìwakọ̀. Ó borí. Ilé rẹ̀ di tirẹ̀ títí ọdún á fi parí. Wọ́n dé oríta.

Ó dá ọkọ̀ dúró. Ọ̀nà kan lọ sí òsì, èkejì lọ sí ọ̀tún. Àwọn igi kan náà ló wà létí wọn, pẹ̀lú òpó iná kan náà. Ó ti gba oríta yìí láti ìgbà èwe, ó gba ibẹ̀ lọ ṣègbéyàwó, ó gba ibẹ̀ lọ sin Valda. Ó wo òsì. Ó wo ọ̀tún. Ẹ́ńjìnì ń dún bíi pé tuntun ni, òun sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kò mọ ibi tó ń lọ.

Kerryn yíjú sí fèrèsé tirẹ̀. Elwyn mọ̀ pé bóun bá kàn yà síbì kan, síbikíbi, ọmọ náà á dákẹ́ ni, torí ó ti ṣèlérí. Ó lè ní òun fẹ́ kọ́kọ́ wo oko àwọn Lehmann. Ó lè ní taya ń dún. Irọ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀ tó mẹ́ta.

"Kerryn," ló wí.

"Dádì."

"Ọ̀nà wo ni?"

Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin yìí ti béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni gbẹ̀yìn. Kerryn kò yíjú kíá, torí ó ń sunkún. "Apá òsì," ló wí. "Apá òsì ni Mọ́mì wà."

Elwyn fi iná hàn pé òun fẹ́ yà, ó yà sósì, ó wakọ̀ dáadáa dé ẹnu géètì itẹ́ òkú. Ó pa ẹ́ńjìnì. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó ká okùn mọ́ ọn, ó gbé gbogbo rẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Pe àwọn ará Murray Bridge. Sọ fún wọn pé Pẹ́pẹ́yẹ ń bá mi bọ̀, kí wọ́n wá ìṣó fún un."

"Dádì, mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́."

"Ìwọ lo ṣèlérí. Èmi ò ṣèlérí."

"Gertie ńkọ́?"

"Ìwọ ló ni ín. Bó bá tún ń dún tẹ́kí-tẹ́kí, o ti mọ ohun tó o máa ṣe. Kó o má gbàgbé láti so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn."

Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó dúró dè é kó wá mú un lọ́wọ́. Wọ́n jọ wọlé lọ kí Valda. Nígbà tí wọ́n ń padà, Kerryn ló wakọ̀.